Ilé Ìdáná Tí Kò Sẹ́ni Tínú Rẹ̀ Bàjẹ́

Ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Longbridge, ní London níbí, èmi ni wọ́n fi ṣe olórí ilé ìdáná. Ẹ má tíì kí mi kú oríire. Àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀: èmi, Bọ̀dá kan ará Ìjẹ̀bú tó ń fọ ìkòkò, àti Màmá ará Èkìtì tó ń se oúnjẹ. Kí n tó mọ ọ̀nà ìlú Òyìnbó rárá ni Màmá ti ń dáná níbẹ̀. Lórí ìwé, èmi ni ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, sún," mo máa ń sún ni.

Lọ́jọ́ kan, máníjà wa pè wá jọ. Òyìnbó ni, ọmọlúàbí obìnrin ni, kì í pariwo mọ́ èèyàn. Ó ní àwọn ọ̀gá òkè ti pinnu pé a ò ní se oúnjẹ mọ́. Wọ́n á máa sè é níbòmíì, wọ́n á jẹ́ kó dì gbagidi, wọ́n á fi ọkọ̀ gbé e wá, tiwa kò ju ká gbé e sínú ẹ̀rọ kó gbóná. Ó ní òun mọ̀ pé irú àyípadà báyìí kì í rọrùn, àwọn òkè sì ti rán òun lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọkàn òṣìṣẹ́.

Ohun tó kọ́ bọ̀ náà ló lẹ̀ mọ́ ara fírísà. Àwòrán ojú mẹ́ta ni: ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan panu mọ́, ọ̀kan ń sunkún. Ó fún kálukú wa ní irin òòfà pẹlẹbẹ kékeré tí orúkọ wa wà lára rẹ̀. Tí a bá ti dé láàárọ̀, ká lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ojú tó jọ bí inú wa ṣe rí. Tí ojú ẹkún bá pọ̀, wọ́n á rán olùkọ́ tó máa dúró tì wá, wọ́n á sì rọra ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ó ṣàlàyé yékéyéké.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́. Kí ni mo jẹ tí n óò fi jí láàárọ̀, kí n fi ọwọ́ ara mi gbé orúkọ tí wọ́n fi oyin àti àádùn sọ mí, kí n lọ gbé e sábẹ́ ẹni tó ń sunkún? Ta ni mo ṣẹ̀? Lọ́dọ̀ tiwa, ilé ì báà máa jó, tí wọ́n bá ní báwo ni, a dúpẹ́ ni. Ẹni tí ibà ń gbọ̀n jìgìjìgì á ní ara òun ti ń le. Màmá wo ojú ẹkún yẹn, ó pòṣé, ó ní, "Kì í ṣe ìpín tèmi lórúkọ Jésù." Ó lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀rín. Bọ̀dá ò tiẹ̀ lẹ tirẹ̀ sábẹ́, imú olójú ẹ̀rín gan-an ló lẹ̀ ẹ́ mọ́. Èmi náà lẹ tèmi síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ là ń rẹ́rìn-ín lára fírísà lójoojúmọ́, tí Màmá sì ń la ọmọrí ìkòkò mọ́lẹ̀ bí ẹni ń lé ejò. Ó da iyọ̀ sí kọ́sítáàdì. Bọ̀dá ń ha ìkòkò kan ṣáá títí mo fi ní kó rọra, kó má baà luhò. Mo ní, "Màmá, ṣé kò sí?" Ó ní, "It is well." Inú bí mi. Ẹ̀jẹ̀ tèmi gbóná, mi kì í fẹ́ kí wọ́n máa fi "it is well" tì mí síta.

Ó wá di ọjọ́ kan, máníjà wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní nínú gbogbo ilé ìtọ́jú tí iléeṣẹ́ wa ní, kò sí ibi tínú òṣìṣẹ́ ti dùn tó tiwa. Nítorí náà, àwọn òkè ní a ò nílò olùkọ́ kankan. Àwa la máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà, wọ́n á sì wá hú sítóòfù kúrò. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa gan-an ni. Màmá rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, "Thank you, my dear." Díẹ̀ ló kù kí n gé ahọ́n ara mi jẹ.

Ọjọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan náà lèmi àti Màmá ń lọ, ní Barking níbí. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó ní ẹ̀bẹ̀ jáde síwájú, ta ni mo rí? Màmá ni, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, ló kúnlẹ̀ gbì.

"Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi ké pe Ọlọ́run! Wọ́n fẹ́ paná mọ́ mi lójú! Látìgbà tí bàbá àwọn ọmọ mi ti kú, ìdí ìkòkò yẹn ni mo ti ń rí ara mi bí èèyàn. Tí n ò bá sè é kẹ́nìkan jẹ mọ́, kí ni mo kù fún? N óò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó dójú tì mí!" Ló bá bú sẹ́kún.

Ẹnu mi ò lè padé. Omi bọ́ lójú mi, inú sì tún ń bí mi. Gbogbo Barking ti gbọ́, Ọlọ́run ti gbọ́, àfi máníjà tó lè ṣe nǹkan kan sí i! Bí a ṣe ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo kò ó lójú.

"Màmá, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ o."

"Ṣé mo dákẹ́ ni? Ṣé o ò gbọ́ ariwo mi ni?"

"Máníjà lẹ ò sọ fún."

"Ṣé máníjà ni Ọlọ́run?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé.

Lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n tó wá hú sítóòfù, mo ní kí máníjà wá bá wa mu tíì nílé ìdáná. Ó béèrè bí ó ṣe ń ṣe wá lọ́kàn. Màmá ní fine. Bọ̀dá ní fine, ma. Mo ní, "Máníjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè." Mo kọjú sí Màmá àti Bọ̀dá, mo fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè kí gbogbo wa lè gbọ́ ọ: "Kí ni kí a bá yín gbàdúrà sí?"

Háà! Bọ̀dá ló kọ́kọ́ tú u jáde. Ó ní oúnjẹ dídì, inú páálí ló ń wá, wọ́n á jẹ tán, wọ́n á sọ páálí nù. Ìkòkò wo lòun fẹ́ máa fọ̀? Òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé, òun ò sì tíì lè sọ fún ìyàwó òun. Máníjà ní kò sẹ́ni tó ní wọ́n máa lé e. Bọ̀dá ní kò sẹ́ni tó ní wọn ò ní lé òun. Màmá náà sọ tirẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìsí ariwo, ó ní òun ń lọ. Ojú máníjà pọ́n bíi tòmátì.

"Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rín lẹ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ lójoojúmọ́!"

"Ọmọ mi," Màmá ní, "ìyẹn kì í ṣe bó ṣe rí. Ìgbàgbọ́ nìyẹn."

Màmá bá yíjú sí mi. "Ìwọ olórí ńkọ́?"

"It is..." Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní, "Ẹ̀rù ń bà mí. Tí ẹ bá lọ, mi ò mọ bí n óò ṣe máa wọ yàrá yìí."

Máníjà gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní ṣé òun náà lè mú ẹ̀bẹ̀ wá? Wọ́n fẹ́ pa ilé wa àti òmíràn ní Dagenham East pọ̀ sábẹ́ máníjà kan ṣoṣo, òun ò rí oorun sùn mọ́. Màmá nu ọwọ́ nù, ó gbé e lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Máníjà ò mọ ìgbà tó yẹ kí òun dijú, ó ń di ọ̀kan, ó ń la ọ̀kan. Àmín Bọ̀dá ń mi fèrèsé. Ọ̀kan nínú àwọn arúgbó yọjú, ó béèrè bóyá wọ́n ń lu ẹnìkan ni. Nígbà tí a fi máa ṣe àmín ìkẹyìn, ọ̀dùnkún tó wà lórí iná ti jóná pátápátá.

Máníjà kọ̀wé sókè lọ́jọ́ náà. Èsì dé: olùkọ́ ń bọ̀, Bọ̀dá á máa gbé oúnjẹ lọ sí yàrá àwọn arúgbó, iṣẹ́ rẹ̀ ò lọ. Sítóòfù á dúró, ṣùgbọ́n nítorí ọbẹ̀ olómi tí wọ́n ń mu lọ́sàn-án nìkan. Gbogbo ìyókù ti lọ nìyẹn. Èmi ni máníjà ní kí n sọ fún Màmá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, láti ibùdókọ̀ ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ dídùn jọ. Mo débẹ̀, Màmá ti dé ṣáájú mi, ó ti so épírọ́ọ̀nù. Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn fò lọ. Mo ní, "Màmá, ọbẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa."

Ó mú kárọ́ọ̀tì kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá a.

"Báwo ló ṣe rí lára yín, Mà?"

"Ó dùn mí," ó ní. "Ó dùn mí gan-an ni. Jókòó, bá mi fá kárọ́ọ̀tì."

Mo jókòó.