Òṣùká Etí Òkun

Àwo mọ́kànlá ni mo fọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣiṣẹ́ létí òkun. Mo ti ka ìwé Látìnì, mo ti gba oyè yunifásítì ní Sàró, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kọ́ mi bí a ṣe ń fi ọwọ́ gbé àwo lórí iyanrìn tó ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ìgbà náà, ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀bá Ìwó ìlú wa ni. Bàámi ń retí kí n padà wálé wá di akọ̀wé. Mo kọ ìwé sí wọn pé kí wọ́n fún mi ní ọdún kan péré, mo fẹ́ fi ojú mi rí ayé kí n tó jókòó sídìí tábìlì. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi dá mi lóhùn: “Má jẹ́ kí a wá ọ tì o.”

Bí mo ṣe di agbáwo nìyẹn nínú ọkọ̀ ńlá funfun kan tó ń gbé àwọn Òyìnbó káàkiri àwọn erékùṣù tó wà ní òdìkejì òkun, láti Bábádọ́ọ̀sì dé Gìrẹ̀nédà dé Tirinidáàdì. Wọn ò lọ ṣòwò, wọn ò lọ wàásù. Wọ́n lọ sinmi ni. Bí a bá ti dé erékùṣù kan, wọ́n á na ara wọn sórí iyanrìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, wọ́n á máa sá ara wọn bí ẹni sá iṣu èlùbọ́. Ní Ìwó, abẹ́ igi là ń sá lọ nínú irú oòrùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́, ibẹ̀ dára. Omi náà mọ́ débi pé mò ń rí òjìji ọkọ̀ wa nísàlẹ̀. Mo ṣì máa ń rí i bí mo bá dijú.

Ìsinmi tiwọn ni iṣẹ́ tiwa. Ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́ etí omi, nítorí náà ọkọ̀ kékeré la fi ń kó oúnjẹ, àwo àti yìnyín títí dé ibi tí omi ti mu èèyàn dé itan. Láti ibẹ̀, a ó kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀, a ó fi ọwọ́ gbé e la ìgbì kọjá dé orí iyanrìn.

Ọmọ Bábádọ́ọ̀sì ni ọ̀gá àwa agbáwo, Ọ̀gá Jọ́sẹ́fù, ó dú bíi tèmi, aṣọ rẹ̀ kì í sì í rún. Lọ́jọ́ tí mo fọ́ àwo, kò pariwo.

“Akẹ́kọ̀ọ́,” ó ní, orúkọ tó fi ń bú mi nìyẹn, “bí ọ̀kan bá tún fọ́ lọ́wọ́ rẹ, erékùṣù ibi tó bá ti fọ́ ni a ó fi ọ́ sílẹ̀ sí.”

Mo mọ̀ pé kò ṣàwàdà. Ọkọ̀ tó ń lọ sí ilẹ̀ wa kì í yà sí àwọn erékùṣù yẹn. Ọ̀rọ̀ Bàámi ń dún létí mi.

“Ẹ jẹ́ kí n fi orí rù ú, sà,” mo bẹ̀ ẹ́.

“Orí kẹ̀?”

“Láti kékeré ni mo ti ń pọnmi lódò Ọbà, sà. Ìkòkò kankan kò fọ́ lórí mi rí.”

“Lójú àwọn àlejò mi? Kí wọ́n lè sọ pé inú igbó ni mo ti kó yín wá?”

Ó kọ̀ jálẹ̀. Ní Gìrẹ̀nédà, mo fi ọwọ́ gbé e, mo rọra ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin. Àwo kankan kò fọ́, ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, yìnyín ti di omi. Ọ̀gá Jọ́sẹ́fù wò mí, ó da omi náà sórí iyanrìn. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Nígbà tí a dé Tirinidáàdì, òkun ń ru. Ìgbì gbé agbáwo méjì tó ṣáájú mi ṣubú, àwo wọn sì lọ sísàlẹ̀ òkun. Apẹ̀rẹ̀ tèmi nìkan ló kù, òun náà ni gbogbo àwo oúnjẹ ọ̀sán. Mo sọ fún ara mi pé bí wọ́n bá máa lé mi, wọ́n á lé mi tàwotàwo. Mo fa aṣọ tábìlì kan yọ nínú apẹ̀rẹ̀ mi, mo ká a ní òṣùká tí ẹrù yóò jókòó lé lórí mi.

“Òṣùká!” ẹnì kan kígbe. “Òṣùká rèé!”

Ìyá arúgbó kan ni, ó dúró létí omi, igbá ọsàn tó ń tà wà lórí rẹ̀. Ó ṣe mí bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ti pè mí. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, omi kò gbà, mo tẹríba títí iyọ̀ fi wọ̀ mí nímú.

“Ẹ kú ọjà, Ìyá. Ẹ gbọ́ Yorùbá?”

“Ìyá mi tí wọ́n kó lẹ́rú wá síbí ló ń sọ ọ́. Wọ́n ti kú.” Ó sọ igbá kalẹ̀, ó wọ inú omi tọ̀ mí wá. Ó wo òṣùká mi, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ta ló ká èyí? Ọkùnrin! Yóò tú.”

Ó gbà á, ó tú u, ó ká a mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ki etí rẹ̀ bọ inú. “Etí rẹ̀ kì í wà níta. Omi á fà á.” Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rù mí. “Má wo ẹsẹ̀ rẹ. Ibi tí ò ń lọ ni kí o wò.”

Mo lọ. Ìgbì gbá mi lórúnkún, ó gbá mi láyà, ọrùn mi kò yẹ̀. Nígbà tí mo gúnlẹ̀, Ọ̀gá Jọ́sẹ́fù ti káwọ́ gbera. Òyìnbó obìnrin kan dìde lórí iyanrìn, ó bi í tẹ̀rín-tẹ̀rín pé, “Ṣé ìwọ lo kọ́ ọ?”

Ọ̀gá Jọ́sẹ́fù tún kọ́là rẹ̀ ṣe. “Èmi ni, màdáámù.” Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. “Akẹ́kọ̀ọ́, kọ́ àwọn yòókù.”

Kí ọkọ̀ wa tó ṣí, mo padà lọ bá ìyá náà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn tòun ti aṣọ funfun mi. Mo béèrè ìlú ìyá rẹ̀.

“Ilé,” ó ní. “Ilé ni ìyá mi máa ń pè é. Bí o bá dé ibẹ̀, bá mi kí wọn.”

Kí ọdún náà tó pé, mo fi ẹsẹ̀ mi rìn wọ ilé Bàámi. Mo di akọ̀wé, mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ilé tí ìyá náà rán mi sí, nítorí náà gbogbo ibi tí iṣẹ́ gbé mi dé ni mo ti bá a kí wọn, ní Kuta, ní Ilé-Ogbó. Títí dòní, bí mo bá rí obìnrin tí òṣùká rẹ̀ tú lọ́nà odò, màá gbà á, màá bá a ká a, màá ki etí rẹ̀ bọ inú.

“Baba, ta ló kọ́ yín?” àwọn obìnrin á fi mí rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ yín kan ni,” màá ní. “Ó ní kí n kí yín.”