Okùn Tí Ràmọ́nì Fi Àyà Já

Bí o bá dé ilé Ràmọ́nì Ládòkun nígbà tó ń ṣe tíṣà ní Tẹ̀dé, wàá mọ̀ pé ó sáré rí kí o tó mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀. Mẹ́dà eré sísá kan wà tó gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀, lókè fọ́tò ìgbéyàwó, lókè kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí. Àlejò tí kò bá béèrè, Ràmọ́nì á máa wúkọ́ títí yóò fi béèrè. Á wá sọ fún un pé lọ́dún 1976, nígbà tí òun wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, òun ni òun gba ipò kìíní nínú eré yípo pápá ní gbogbo Òkè-Ògùn, àti pé Mọ́nsúrù àbúrò òun ló ṣe ipò kejì. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn gan-an ló máa ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Mọ́nsúrù kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀. Baba kan ló bí wọn, Baba Ládòkun tó ń hun aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn. Àwáwù, ìyáálé, ló bí Ràmọ́nì. Tàwàkálítù, ìyàwó kékeré, ló bí Mọ́nsúrù ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù díẹ̀ yẹn ló sọ Ràmọ́nì di ẹ̀gbọ́n. Òun ló ń kọ́kọ́ mú ẹran nínú abọ́ tí wọ́n jọ ń jẹ, òun ni Mọ́nsúrù ń pè ní bọ̀ọ̀dá, òun ló ń rán Mọ́nsúrù níṣẹ́. Kò sẹ́ni tó bá a du ipò yẹn, títí àwọn méjèèjì fi jọ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí tíṣà eré kó gbogbo ọmọ ọdún kìíní jáde sórí pápá tí wọ́n fi eérú fa ìlà sí, tó ní kí wọ́n sáré.

Ẹ̀yìn ọrùn Mọ́nsúrù ni gbogbo wọn rí.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn ọrùn yẹn kò ti kúrò lójú Ràmọ́nì mọ́. Ó gbìyànjú, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Láfẹ̀mọ́júmọ́ ni yóò ti jí Festus, ọmọ Ìgbòho tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, wọn á sáré gba ọ̀nà oko lọ, wọn á sáré bọ̀. Ẹnì kan ní ẹyin tútù ń mú ẹsẹ̀ yá. Ràmọ́nì mu ẹyin tútù títí inú fi ń run ún. Mọ́nsúrù ní tirẹ̀, oorun ló ń sùn. Bí wọ́n bá wá dórí pápá, ọmọ olóorun yìí á dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á bu òrí sọ́wọ́, á fi ra á lẹ́sẹ̀ láti orókún dé ọrùn ẹsẹ̀, á ní, "Bọ̀ọ̀dá, tòní á dáa." Lẹ́yìn náà ni yóò gbéra, tí yóò fi í sílẹ̀ sáàárín eruku. Bó bá jẹ́ pé ó ń fọ́nnu ni, ìbá rọrùn láti kórìíra rẹ̀. Kò fọ́nnu rí, ìyẹn gan-an ló sì ń bí Ràmọ́nì nínú jù.

Wọ́n sáré ní Ìgbòho, Mọ́nsúrù kìíní, Ràmọ́nì kejì. Ìròyìn dé Ìsẹ́yìn. Baba Ládòkun, tó jẹ́ pé ọjọ́ Jímọ̀ àti ọdún nìkan ló ń gbé e dìde nídìí òfì, fi iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n máa sáré ní Ṣakí, ó wọkọ̀ lọ wò wọ́n. Bí Mọ́nsúrù ṣe já okùn òpin eré, bàbá fò sókè, fìlà bọ́ lórí rẹ̀. "Ọmọ mi nìyẹn! Ẹ bá mi wo ọmọ mi!" Ràmọ́nì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eruku kún un lẹ́nu. Ó pẹ́ díẹ̀ kí bàbá tó rántí rẹ̀. Ó gbá a léjìká, ó ní, "Ìwọ náà gbìyànjú."

Ìwọ náà! Ràmọ́nì ń tún un sọ nínú ara rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó jowú débi pé tó bá ń rìn kọjá lórí pápá, ńṣe ló ń wá kòtò tí ẹsẹ̀ Mọ́nsúrù lè kọ́. Òjòwú ò lẹ́ran láyà. Kí oṣù náà tó parí, ṣòkòtò tó ti ń há mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ ti ń bọ́ nídìí rẹ̀.

Ó ku àṣekágbá, Ìsẹ́yìn ni wọ́n sì fi sí, lójú ilé wọn. Wọ́n wá sílé ṣáájú ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún àwọn ọkùnrin ilé, Ràmọ́nì bu tirẹ̀ sínú àwo ọ̀tọ̀, ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Ní ọjọ́ kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nílé olórogún, ẹni tó bá kọ̀ láti bá ọmọ orogún ìyá rẹ̀ jẹun nínú abọ́ kan náà ti sọ ohun tí ẹnu ò gbọdọ̀ sọ. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Àwáwù ìyá rẹ̀ kàn ń wò ó.

Ní ọjọ́ eré, ẹ̀yìn ọrùn yẹn náà ló tún wà níwájú títí wọ́n fi dé kọ́nà tó kẹ́yìn. Níbẹ̀ ni Ràmọ́nì ti rí i tó ń sún mọ́ òun. Ó rí etí Mọ́nsúrù. Ó rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, kò rí nǹkan kan níwájú mọ́ àfi okùn funfun, ó sì fi àyà já a. Ó wólẹ̀, ó ń sunkún. Mọ́nsúrù ló gbé e nílẹ̀, tó gbé e kọ́rùn, tó ń gbé e yí pápá ká. Ní alẹ́, Ràmọ́nì padà sídìí abọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé nínú ẹran rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀.

Ayé wá lọ bó ṣe ń lọ. Ràmọ́nì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé ní Tẹ̀dé, ó ń gun kẹ̀kẹ́. Mọ́nsúrù fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ó ń ta sìmẹ́ńtì ní Ṣakí. Mọ́nsúrù ra ọkọ̀, Ràmọ́nì wo ògiri pálọ̀ rẹ̀. Mọ́nsúrù kọ́lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Ràmọ́nì tún wo ògiri. Ohun tó bá wu Ọlọ́run ni kó fún Mọ́nsúrù, kò lè fún un ní okùn Ìsẹ́yìn. Èyí ni Ràmọ́nì fi ń sùn.

Lọ́dún 1987, Baba Ládòkun kú. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àwọn àlùfáà ti lọ, ilé wá tòrò lọ́sàn-án. Àwáwù àti Tàwàkálítù jókòó lórí ẹní kan náà nínú aṣọ opó. Festus, tó wá kí wọn, jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń dá wọn lára yá pẹ̀lú ìtàn kọ́lẹ́ẹ̀jì: ẹyin tútù, eruku Ṣakí, fìlà bàbá tó bọ́. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Ló bá kọjú sí Mọ́nsúrù.

"Mọ́nsú, wàá sọ fún wa lónìí. Kí ló ṣe ẹ́ ní kọ́nà tó kẹ́yìn àṣekágbá ọjọ́sí? Ibẹ̀ ni mo dúró sí. O wẹ̀yìn, o sì dẹsẹ̀."

"Iṣan ló fà mí," ni Mọ́nsúrù fèsì kíá. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má dá Festus lóhùn."

"Iṣan wo? Ìwọ tó o gbé odidi èèyàn kọ́rùn yí pápá ká?"

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Ràmọ́nì. Ó dìde. "Mọ́nsúrù, fi Àlùkùráánì búra pé iṣan fà ẹ́."

Mọ́nsúrù ò búra. Ó gbójú sókè, ó wo Àwáwù, Ràmọ́nì sì rí ìwò náà.

"Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀," ni Àwáwù wí. "Èmi ni."

Tàwàkálítù dì í lọ́wọ́ mú. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká mú un lọ sọ́run."

"Rárá. Àárọ̀ ọjọ́ eré yẹn, mo wọ yàrá Tàwà. Látìgbà tí bàbá yín ti gbé e wọlé, n ò wọbẹ̀ rí. Mo kúnlẹ̀ fún un."

Àwọn obìnrin ilé ké yéè. Ìyáálé kúnlẹ̀ fún ìyàwó!

"Mo kúnlẹ̀. Mo ní kó bá mi bẹ ọmọ rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń ṣe ẹ́, Ràmọ́nì, torí ó ti ṣe èmi náà. Ọdún tí wọ́n gbé Tàwà dé, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi. Nígbà tó o gbé àwo rẹ lọ sẹ́yìnkùlé, mo ní, áà, ó ti ràn mọ́ ọmọ mi. Mo rò pé tó o bá lè borí àbúrò rẹ lẹ́ẹ̀kan péré, á tán lára rẹ."

Ẹni tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, ilẹ̀ ló yẹ kó dọ̀bálẹ̀ sí níwájú ìyá rẹ̀. Ràmọ́nì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ sí i lọ́kàn ni gbogbo ìgbà tó ti bá Mọ́nsúrù ní yàrá ìyá òun, tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tí wọ́n á dákẹ́ bí òun bá wọlé. Ọdún mọ́kànlá ni ìyá òun àti Mọ́nsúrù ti jọ ní nǹkan tí òun ò mọ̀. Kàkà kí ewé àgbọn rẹ̀ dẹ̀, líle ló ń le sí i. Ó la ẹnu láti dúpẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ló jáde.

"Ta ló fà yín dìde níbi tẹ́ ẹ kúnlẹ̀ sí?"

"Mọ́nsúrù tó wọlé bá wa ni," ni Àwáwù dáhùn. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀ títí. "Kò tíì tán lára rẹ," ni ó wí.

Ó na ọwọ́ kí wọ́n fa òun dìde, ó fẹ́ wọlé lọ. Mọ́nsúrù ló sún mọ́ ọn jù. Ó ti dìde, ó ti ń na ọwọ́, ṣùgbọ́n ó dáwọ́ dúró, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó ń dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ràmọ́nì rí i bó ṣe ń dúró de òun, kò sì lè gbẹ́sẹ̀.