Ìràwọ̀ Márùn-ún Tí Ìyá Favour Kò Gbà Gbọ́

Ìyá Favour tó ń ránṣọ ní Gbaji kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Tó bá ra epo, á tọ́ ọ wò. Tó bá ra aṣọ, á finá jó etí ẹ̀ kó lè gbóòórùn ẹ̀ bóyá òwú ni. Àwọn aládùúgbò máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí áńgẹ́lì bá kanlẹ̀kùn ẹ̀, á ní kó kọ́kọ́ na ìyẹ́ ẹ̀ wò.

Torí ọkọ ẹ̀ ló ṣe lọ ra ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ẹ́síì. Dosu, ọkọ ẹ̀, ọmọ Tòpó létí omi ni, apẹja pọ́ńbélé kí ẹsẹ̀ ẹ̀ tó rọ. Ooru oṣù kẹta mú un dákú lórí àga, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ gbé inú yàrá gbígbóná mọ́.

Zinsu tó ń ta ẹ́síì lẹ́bàá títì tọ́ka sí bébà ara ọ̀kan. "Ẹ wo ìràwọ̀ márùn-ún, Màmá. Bí ìràwọ̀ bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni iná tó ń jẹ ṣe kéré tó."

Ìyá Favour fi èékánná họ igun bébà náà. "Ṣé ìwọ kọ́ lo lẹ̀ ẹ́ báyìí? Ìràwọ̀ ò ṣòro yà."

"Èmi kẹ̀? Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni o!"

"Mo gbọ́." Ó rà á, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ṣàdéhùn pé tó bá ń jẹ iná jù, á dá a padà kí oṣù tó parí.

Ó sì jẹ iná. Ẹ̀rọ náà ń kùn ṣáá láìsinmi, iná inú mítà ń tán bí omi inú apẹ̀rẹ̀, yàrá ò sì tutù tó. Ìyá Favour kọ́kọ́ fura sí Ìyá Aaliyah tí wọ́n jọ ń lo ògiri kan. Ó tẹ̀ lé wáyà láti mítà títí dé òrùlé, bóyá wọ́n ń jí iná ẹ̀. Alángbá nìkan ló rí. Ó bá já lu Zinsu ní ṣọ́ọ̀bù.

"Zinsu, wá tú ẹrù ẹ! Ìràwọ̀ ẹ ti já bọ́!"

"Màmá, àbí ẹ kì í ti fèrèsé? Yàrá títì ni wọ́n fi ń wọn ìràwọ̀ yẹn. Tí atẹ́gùn tútù bá ń jáde, ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́ bí ẹrú."

"Ṣé mo jọ ẹni tó fẹ́ mú gbogbo Gbaji tutù ni? Àwáwí lásán!"

Zinsu gbé irinṣẹ́, ó tẹ̀ lé e délé. Bó ṣe gun àga báyìí, kọ́tìnì ẹ̀yìn ibùsùn wú bí ìgbòkun, ó lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ìyá Favour fa kọ́tìnì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fèrèsé tó kọjú sódò ṣí gbayawu.

"Ta ló ṣí i?" Ìyá Favour kọ́kọ́ wo Zinsu.

"Màmá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni o!"

Dosu wúkọ́ lórí ibùsùn. "Èmi ni."

"Bàbá Favour!"

"Miriam ìyàwó mi, ọmọ Tòpó kì í ti fèrèsé tó kọjú sómi. Tí n ò bá gbóhùn omi, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ti ń yí padà?"

"Ẹ ò lọ sódò mọ́!"

"Etí mi ṣì ń lọ."

Zinsu dúró lórí àga. "Ṣé kí n tú u?"

Ìyá Favour wo òógùn tó ń ṣàn lọ́rùn ọkọ ẹ̀. Dosu ló fọhùn. "Má tú u. Miriam, máa tì í lọ́sàn-án. Tí oòrùn bá ti wọ̀, pa ẹ̀rọ, kí o ṣí fèrèsé omi fún mi."

Wọ́n tì í. Kò pẹ́, ẹ̀rọ rọlẹ̀, ó ń mí jẹ́jẹ́, Dosu sì fa aṣọ bora. Ìyá Favour tún wo ìràwọ̀ náà títí.

"Ó lè jẹ́ márùn-ún lóòótọ́," ló sọ, ó sì jẹ́ kí Zinsu máa lọ.

Ṣùgbọ́n títí dòní, tó bá wọlé lọ́sàn-án, ó máa ń ki ọwọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì yẹn ná, kó tó kí ọkọ ẹ̀.