Àwòrán Kẹta Orí Bàbá Mi

Nígbà tí Lọ́kọ́ja ṣì wà lábẹ́ Kwara, bàbá mi já bọ́ láti orí ọ̀pẹ l'Ágbájà, ó fi orí sọlẹ̀. Èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ tó ń gbé ní Gadumo ní Lọ́kọ́ja, ni mo gbé e lọ sí ọsibítù ibẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀. Bí eegun bá ti sán, a ó gbé e lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ náà fún iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rù kòtò ojú ọ̀nà Ìlọrin yẹn bà mí ju ọ̀bẹ lọ.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yàwòrán ti darúgbó. Ọkùnrin Ígálà tó ń lò ó sọ fún wa pé ó máa ń pẹ́ kó tó ya tán, àti pé ẹni tó bá mira díẹ̀, àwòrán rẹ̀ á ṣe bàìbàì. Ó to àpò yanrìn kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ orí Bàbá méjèèjì. Bó ṣe tẹ bọ́tìnnì báyìí, obìnrin kan tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fi ìkíni wa kí i, ó ní, "Òkun o." Bàbá gbé orí kúrò láàárín yanrìn, ó ní, "Òkun o, òkun." Àgbẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ ni. Kò sí ẹni tó lè kí i kó dá a lóhùn ní ìdùbúlẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Àánú Bàbá ṣe é, ó ní, "Bàbá, òkun o." Bàbá tún dìde. Inú bí mi débi pé ẹ̀rín fẹ́ pa mí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́."

"Kí wọ́n wá sọ pé n kò lẹ́kọ̀ọ́?"

Fíìmù kan ṣoṣo ló kù.

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi ìka lé ètè. Mo ṣàlàyé fún ẹni àkọ́kọ́, òun sọ ọ́ lédè Ẹ̀bìrà fún ẹni tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn fi Haúsá sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì kan dúró gbagidi pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ìyá ọmọ kan fi ọmú sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu kó má baà ké. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ pa lọ́lọ́ nítorí orí bàbá mi, ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Omi bọ́ lójú mi.

Ọkùnrin náà fọ fíìmù náà nínú yàrá òkùnkùn, ó gbé e jáde tomi-tomi, ó nà án sí oòrùn. Orí Bàbá funfun, ó mọ́ kedere. Mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lọ́ kọjá lórí rẹ̀, mo tọ́ka sí i, mo ní ó ti sán.

"Ìyẹn kọ́," ni ó wí. "Ibi tí Ọlọ́run ti rán eegun pọ̀ nìyẹn. Gbogbo wa la ní in."

Dókítà wò ó, òun náà ní kò sán, a ò lọ Ìlọrin mọ́. Àmọ́ n kò lè gbójú kúrò lára ìlà náà. Orúkọ gbogbo wa, ojú ọ̀nà gbogbo oko rẹ̀, abẹ́ eegun tí kò nípọn ju igbá lọ ni Bàbá kó wọn pamọ́ sí láti ọjọ́ yìí.

Bàbá yọ sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo àwọn tó ti dákẹ́ yẹn kí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ tó wà lẹ́nu ọmú. Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá ti ní kó ṣe kíá. Mo di fìlà rẹ̀ mú, mo dúró títí ó fi dá gbogbo wọn lóhùn tán.