Òjò Inú Pálọ̀ Bàbá Ernest

Títí di òní, tí ẹ bá dé ìsọ̀ Zakariyah tó ń ta ẹ̀rọ orin ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹ sì dárúkọ Bàbá Ernest awọnlẹ̀, Zakariyah á kọ́kọ́ mirí, á wá ní, "Bàbá tó gbé àga wá sọ́jà!" Bẹ́ẹ̀ ni o. Lọ́jọ́ tí bàbá náà, tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Ernest, lọ ra rìsífà, ẹ̀rọ ńlá tó máa ń pín ohùn fún ọ̀pọ̀ sípíkà kí pálọ̀ ẹni lè di ilé sinimá, àga tó ń jókòó lé nílé ló gbé sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Mama Edith, ìyàwó rẹ̀, há mọ́ ẹ̀gbẹ́ àga náà, ó fi etí gèlè bojú kí ará ìjọ kankan má baà dá a mọ̀ lójú títì.

"Bàbá, àga wà níbí o," Zakariyah wí.

"Ṣé àga tìẹ ni màá máa jókòó lé nílé ni?" Bàbá gbé tirẹ̀ kalẹ̀ láàárín ìsọ̀, ó jókòó, ó di ojú. "Ó yá. Jẹ́ kí n gbọ́ òjò."

Zakariyah ní orin làwọn oníbàárà máa ń fẹ́ gbọ́, tàbí fíìmù tí ìbọn ti ń dún. Bàbá yọ fláṣì kan nínú àpò àyà. Òjò tó fúnra rẹ̀ gbà sílẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, òjò tó rọ̀ sórí páànù ilé tí wọ́n bí i sí ní Ibefun, kí ilé náà tó wó. Zakariyah fi sínú rìsífà àkọ́kọ́. Bàbá mirí: "Èyí ń dín àkàrà." Ó fi sínú èkejì. "Èyí ń fẹ́ ìrẹsì." Ìgbà tó kan èyí tó wà lókè pátápátá, tí eruku ti bò nítorí pé owó rẹ̀ ń lé ènìyàn sá, Kúbúrátù ìyàwó Zakariyah já jáde láti ẹ̀yìn ìsọ̀, ó ń pariwo pé, "Òjò dé o! Aṣọ mi o!" Ó ti ká gbogbo aṣọ orí okùn tán kó tó gbójú sókè. Oòrùn ń ràn gan-an.

Bàbá la ojú. "Èyí ni mo fẹ́," ló wí. Kò tilẹ̀ ná an. Ọmọ Ìjẹ̀bú ra ọjà láìná an! Mama Edith ní òun mọ̀ láti ọjọ́ náà pé ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ojú lásán.

Kí ẹ mọ irú ẹni tí bàbá yìí jẹ́: iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló ṣe ní Odogbolu títí tó fi fẹ̀yìn tì, ìfẹ̀yìntì náà ò sì gba okùn ìwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wọ̀n ilẹ̀kùn tẹ́nikẹ́ni ò fẹ́ pààrọ̀. Ó ń wọ̀n iṣu kí Mama Edith tó gé e. Nígbà tó wá gbọ́ pé rìsífà náà mọ pálọ̀ wọ̀n, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí ìbátan tó ti sọnù.

Màíkì kékeré kan bá ẹ̀rọ náà wá. Èèyàn á gbé e sórí àga kọ̀ọ̀kan, níbi tí etí ẹni tó bá jókòó máa wà, sípíkà kọ̀ọ̀kan á súfèé, màíkì á gbọ́, ẹ̀rọ á sì mọ ibi tí àga kọ̀ọ̀kan wà. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbọ́dọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá lọ bẹ Albert, aládùúgbò wọn, pé kó gbé àkùkọ rẹ̀ mọ́ra kó sì di ẹnu rẹ̀ mú. Albert gbé e, ó dúró lẹ́yìn ògiri, òun àti àkùkọ ń wo ara wọn. Kò pẹ́ ni Bàbá bọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Edith, ìkọ́kọrẹ́ rẹ ń sọ̀rọ̀."

"Ṣé kí n fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu ni, Bàbá Micah?" Orúkọ ọmọ wọn ni ìyàwó rẹ̀ fi máa ń pè é.

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀rọ á rò pé èèyàn ni."

Ìkọ́kọrẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láìjiná, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe jẹ ẹ́. Ohun tó mú ara Mama Edith bù máṣọ lọ́jọ́ náà ni àga kan tó wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀ mọ́ nínú ilé yẹn. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni Bàbá pẹ́ sí jù lọ. Ó tún màíkì náà gbé, ó gbé e sókè díẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀, bí ẹni tó mọ bí onítọ̀hún ṣe ga tó.

"Ta ló ń jókòó síbẹ̀?" Mama Edith bi í.

"Ẹni tó ni ín ń bọ̀," ni Bàbá wí.

Mama Edith ò béèrè mọ́. Ìbéèrè kan wà tó jẹ́ pé ìdáhùn rẹ̀ ò ní jẹ́ kéèyàn sùn.

Nígbà tí ẹ̀rọ wọ̀n tán, ó kọ èsì sójú tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe déédéé àfi sípíkà ńlá tó máa ń dún wúmù-wúmù nílẹ̀. Inú pálọ̀ ni sípíkà náà wà, gbogbo wọn ń rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní kò sí níbẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ògiri ló wà, níta, níbi tí koríko nìkan wà.

"Ẹ̀rọ yìí ti ṣì í," Mama Edith wí.

"Awọnlẹ̀ kì í bá awọnlẹ̀ jiyàn," Bàbá dá a lóhùn. Ó gbé okùn rẹ̀, ó bọ́ síta, ó wọ̀n ọ́n débi tí ẹ̀rọ wí gẹ́lẹ́, ó sì kan èèkàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, àlejò tó bá wọ ilé wọn ti wọ gàù. Bàbá ò ní gbé fíìmù sí i fún un. Á ní kó di ojú. Á wá gbé ìró ọ̀pọ̀lọ́ odò Ibefun sí i, tàbí ìró ẹni tó ń gún iyán, tàbí òjò rẹ̀ yẹn. Alàgbà ìjọ kan di ojú bẹ́ẹ̀, ó gbọ́ tí ewúrẹ́ ń ké lẹ́yìn òun, ó dìde, ó ń lé e jáde. "Ṣéè! Ṣéè! Ta ló jẹ́ kí ewúrẹ́ yìí wọlé?" Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ewúrẹ́ tí wọ́n ti pa jẹ lọ́dún Àjíǹde ni alàgbà ń lé.

Ìwà rẹ̀ kan tún wà: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ọ̀rọ̀ òun gbà, àní iná mànàmáná pàápàá. Ó ṣètò rìsífà náà débi pé tí iná bá lọ, tó bá padà dé, ẹ̀rọ á tan ara rẹ̀, á sì tún ohun tó ń sọ bẹ̀rẹ̀ láti orí. "Ọkùnrin kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀," ló máa ń wí.

Ìgbà òjò ló kú. Àìsàn náà ò pẹ́. Àwọn tó fẹ́ gbẹ́ ibojì lẹ́yìn ilé gbẹ́ ìhín, òkúta. Wọ́n gbẹ́ ọ̀hún, gbòǹgbò ọsàn. Ibì kan ṣoṣo ni ilẹ̀ ti rọ̀ fún wọn. Mama Edith jáde láti wo ibi tí iṣẹ́ dé, ó bá ọ̀kan nínú wọn tó ń fa èèkàn kan tu nílẹ̀. Ó mọ èèkàn náà. Ibi tí ẹ̀rọ ní sípíkà wà ni wọ́n sin Bàbá Ernest sí, ẹnikẹ́ni tó bá lè ṣàlàyé èyí, kó wá ṣàlàyé rẹ̀.

Wọ́n ti yọ rìsífà náà lára iná nígbà ìsìnkú kí fáànù àwọn àlejò lè ráyè, bẹ́ẹ̀ ló sì wà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí Kérésì ku díẹ̀, Micah, ọmọ wọn kan ṣoṣo, dé láti Èkó, ó tún pálọ̀ tò, ó ki gbogbo wáyà padà sí ojú ihò wọn, ó sì padà lọ́jọ́ náà. Bí Micah ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ tó ti ríṣẹ́. Tó bá dé, bàtà rẹ̀ kì í kúrò lẹ́sẹ̀.

Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kan, nígbà ọyẹ́, Mama Edith ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, iná dé. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nínú pálọ̀. Ó sáré ká aṣọ rẹ̀ kó tó rántí pé ọyẹ́ ni, pé ètè òun gan-an ti là. Ó dúró pẹ̀lú aṣọ ní apá. Ẹnì kan wúkọ́ nínú ilé. Ikọ́ yẹn, ó ti gbọ́ ọ láti ìgbà èwe rẹ̀.

"Edith!"

Ẹ̀wà dànù. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn ò kọ́ pé tí wọ́n bá pè ọ́ tí o ò rí ẹni tó pè ọ́, o ò gbọ́dọ̀ dáhùn. Ẹni tó bá dá òkú lóhùn ti gbà láti bá a lọ. Mama Edith fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ara rẹ̀, ó sá lọ sí ilé Albert láìwọ bàtà.

Bẹ́ẹ̀ ló di ìṣe. Iná á dé, òjò á rọ̀, ikọ́ á tẹ̀ lé e, ìpè á tẹ̀ lé ikọ́, Mama Edith á sì ti dé ilé Albert. Ará ìjọ gbàdúrà títí ohùn wọn fi há. Albert ní, "Mama, ẹ yọ ọ́ lára iná, kó parí." Mama Edith dìde lóòótọ́, ó na ọwọ́ sí wáyà náà, ọwọ́ rẹ̀ ò sì lè fà á.

"Bí mo bá yọ ọ́," ó wí, ó bú sẹ́kún, "ta ló tún máa pè mí ní Edith?"

Ẹ̀rù ń bà á pé lọ́jọ́ kan òun á gbàgbé, òun á dáhùn. Ẹ̀rù tún ń bà á pé lọ́jọ́ kan ìpè náà ò ní wá mọ́. Èèyàn ò lè máa gbé láàárín ẹ̀rù méjì. Ìgbà tí Micah gbọ́, ó pàṣẹ lórí fóònù: wọ́n á ti ilé náà pa, Mọ́mì á máa bọ̀ ní Èkó, Zakariyah á sì wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀. Mama Edith gbà. Ó di ẹrù rẹ̀ bí ẹni tó ń di ti ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, Zakariyah dé, ṣùgbọ́n kò kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó ń ka àdúà sábẹ́nu, ó ń wo rìsífà láti òkèèrè. Kúbúrátù bá a wá láti kí Mama Edith pé ó dìgbà, ó sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Micah ń gbé àpótí jáde, ó há a mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Ìgbà náà gan-an ni iná dé.

Òjò sọ̀ kalẹ̀ wàà. "Òjò o! Mama, aṣọ yín!" Kúbúrátù ti wà nídìí okùn aṣọ. Obìnrin náà ò kọ́gbọ́n.

Ikọ́ dún.

"Edith!"

"Mọ́mì, ẹ má dáhùn!" Micah fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Àpótí ti dí ọ̀nà, kò síbi tí wọ́n lè sá gbà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Mama Edith wà níbẹ̀ láti gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé ìpè náà.

Obìnrin kan dáhùn láti apá ilé ìdáná. "Sà! Mo ń bọ̀ o!"

Ohùn òun fúnra rẹ̀ ni.

"Má wulẹ̀ wá," Bàbá wí nínú òjò. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o wà níbẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin náà! Ẹ jẹ́ kí n ro ọkà mi, Bàbá Micah."

Mama Edith yọ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́. Ojoojúmọ́ ni bàbá náà máa ń pè é bẹ́ẹ̀ láti pálọ̀, lórí asán. Kò mọ̀ pé ó gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, nígbà tí òjò Ibefun ń dún nínú pálọ̀. Òun ti dáhùn tipẹ́, òun ò sì kú.

Nígbà náà ni ohùn Bàbá tún dún, láti inú sípíkà ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Micah!"

Micah bojú wẹ̀yìn. Òjò ń rọ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn nínú ẹ̀rọ, Bàbá ò sì yára sọ̀rọ̀. Ó ń dúró de ìdáhùn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Hẹn. Àga ẹ nìyẹn. Mo ti wọ̀n ọ́n. Bọ́ bàtà ẹ, kó o jókòó."

Òjò bo ohùn náà mọ́lẹ̀. Mama Edith yíjú sí àga tí kò sẹ́ni tó ń jókòó sí, ó sì mọ ẹni tó ni ín wàyí.

"Èmi ti dáhùn tèmi," ó wí fún ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ló ń pè."

Micah bọ́ bàtà rẹ̀, ó kọjá àpótí, ó lọ jókòó sí àga ẹ̀yìn náà. Etí rẹ̀ ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ibi tí màíkì wà lọ́jọ́sí. Zakariyah fúnra rẹ̀ wọlé, ó wá ibì kan jókòó sí, ó gbàgbé ohun tó torí rẹ̀ wá. Níta, Kúbúrátù ń bínú pé kò sẹ́ni tó ran òun lọ́wọ́, òjò á pa aṣọ.

Nígbà tí ohun tó wà nínú fláṣì parí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Òjò, ikọ́, Edith. Mama Edith dáhùn tirẹ̀ pẹ̀lú ohùn àtijọ́ náà, àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ló kan àga ẹ̀yìn.

"Micah!"

"Sà," Micah wí. "Mo ti dé, sà."

Ààyè tí Bàbá fi sílẹ̀ gba ìdáhùn náà, kò gùn jù, kò kúrú jù.

"Hẹn," ni Bàbá Ernest wí. "Àga ẹ nìyẹn."