Ilé Kẹrin Lójú Ọpọ́n

Lánàá, ọmọ ọmọ mi obìnrin ń ta ṣẹ́ẹ̀sì lórí fóònù rẹ̀. Fóònù náà ń dún kọ́, kọ́, kọ́, bí ọmọ ayò tó ń bọ́ sójú ọpọ́n. Ó bi mí pé báwo ni àwọn ọ̀gá inú eré yìí ṣe ń mọ èyí tó yẹ kí wọ́n ta. Ìró yẹn ti gbé mi padà sí agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnká.

Bàbá Làmídì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù nídìí ayò. Lẹ́yìn ìrun alààsárì, wọ́n á tẹ́ ọpọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èrò á sì yí wọn ká. Àwọn kan ní ó lóògùn. Irọ́ ni. Mo fi odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan wò ó. Kì í pẹ́ lórí ilé tirẹ̀. Ilé mẹ́fà ti ẹni tó ń bá a ta ló ń wò. Á wá ohun tí onítọ̀hún fẹ́ ṣe, á sì ta èyí tó máa bà á jẹ́. Nínú ilé tirẹ̀, méjì péré ló ń rò. Kì í tiẹ̀ bojú wo ìyókù.

Lọ́dún náà, mo yege ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì. Làmídì ọmọ rẹ̀ fìdí rẹmi. Bàbá mi ti kú, ọ̀rọ̀ mi sì kù sọ́wọ́ Bàbá Làmídì. Ó ní ìwé tí mo kà ti tó, kí n lọ kọ́ aṣọ rírán. Ìyá mi kúnlẹ̀ títí, kò gbọ́. Mo wá sọ láàárín èrò pé mo mọ bí Bàbá Làmídì ṣe ń ro ayò wọn. Ẹ̀rín pa èrò. Ẹnì kan bi mí bóyá wọ́n ti ń kọ́ wa láyò nílé ìwé.

Bàbá Làmídì ní kí n máa kọ ilé tí òun máa ta sí síléètì, kí n sì dojú rẹ̀ délẹ̀ kí òun tó fọwọ́ kan ọpọ́n. "Tó o bá mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, wàá lọ sílé ìwé."

Bàbá Oníbàtà, tó ń rán bàtà lẹ́nu ọ̀nà wa, ló ń bá a ta. Mo mọ àkọ́kọ́. Mo mọ ìkejì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo kọ ìkẹta: ilé kẹrin. Bàbá Làmídì na ọwọ́ sí ilé kẹrin, ó dá a dúró. Ó wo ẹ̀yìn síléètì, ó wò mí. Ó wá kó ilé kìíní.

Bàbá Oníbàtà kò tilẹ̀ ronú. Ó ta, ó jẹ ilé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ṣí síléètì.

"Ẹ̀gbọ́n, ayò tó yẹ kẹ́ ẹ ta nìyí."

"Ilé kìíní ni mo ta," ni Bàbá Làmídì fèsì. "Ó ti ṣì í."

Làmídì tún ìdánwò ṣe, ó sì wọlé. Èmi fi ọdún mẹ́ta rán ihò bọ́tìnnì lọ́dọ̀ télọ̀ kan ní Kúdẹtì, kí àbúrò ìyá mi tó mú mi lọ sílé ìwé ní Òkè-Àdó.

Ṣọ́ọ̀bù ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn báyìí. Wọ́n kọ ọ́ sára ibojì Bàbá Làmídì pé olódodo ni. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Ohun tí kò yí padà ni pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, ẹni tó ń bá a ta ló ń kọ́kọ́ wò. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í. Mo rò pé Bàbá Oníbàtà ló ń bá ta lọ́jọ́ náà. Èmi ni Bàbá Làmídì ń bá ta.