Orin Tó Ní Orúkọ Mi Nínú

Òórùn kọfí ló máa ń jí wa nílé wa ní Torino, kì í ṣe aago. Bar kan wà nísàlẹ̀ ilé, ẹni tó ni ín kì í sì í pẹ́ ṣílẹ̀kùn. Láàárọ̀ Sátidé tí mò ń sọ yìí, òórùn náà gòkè wá pàdé ti ata tí màmá mi ń dín, orin kan sì tẹ̀ lé e láti inú rédíò bar náà. Mo mọ̀ pé kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹnìkan máa kọ orin yẹn nínú àgbàlá wa, èmi ló sì máa kọ ọ́ fún. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Ítálì á mọ irú orin tí mò ń wí. Èdè Sípéènì ni wọ́n fi kọ ọ́, orin ìfẹ́ ni, kò sì síbi téèyàn lè sá gbà fún un lọ́dún yẹn. Ó wà nínú bar, ó wà níbi giostre tí àwọn ọmọdé ti ń gun ẹṣin onígi, ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì àdàkọ tí wọ́n ń tà lọ́jà Porta Palazzo. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kò gbọ́ Sípéènì rárá, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé èdè Ítálì tí wọ́n fi "s" sí nídìí ni, nítorí náà gbogbo ẹnu ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Tó bá kan ègbè, akọrin náà á fa ohùn gùn: "Sola, mi amor." "Mi amor" ni olólùfẹ́ mi, "Sola" sì ni bí gbogbo ará Ítálì ṣe ń pe orúkọ mi gẹ́lẹ́.

Olúṣọlá ni bàbá mi sọ mí. Inú lẹ́tà ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ, láti Padova, níbi tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì, nígbà tí màmá mi bí mi sí Abẹ́òkúta. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà kí àwa méjèèjì tó wá bá wọn ní Torino. Akọ̀wé tó gba orúkọ mi sílẹ̀ ní anagrafe, ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìlú, kò rí àmì kankan fi sábẹ́ lẹ́tà, ó gé "Olú" kúrò, ó kọ "Sola," ó sì di Sola. Bàbá mi ò jẹ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. "Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ," wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì tún orúkọ náà pè dáadáa, bí ẹni pé èmi ni mo bà á jẹ́.

Nǹkan tó ń dẹ́rù bà mí nínú ọ̀rọ̀ orin náà kì í ṣe ẹgba. Bàbá mi ní ọ̀rẹ́ kan ní Verona, ọmọbìnrin rẹ̀ Bọ̀sẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Ọmọkùnrin kan kọ lẹ́tà sí Bọ̀sẹ̀, ìyá rẹ̀ rí i nínú báàgì ìwé. Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, gbogbo ilé lọ sí Nàìjíríà láti lọ kí màmá àgbà, gbogbo ilé sì padà, àyàfi Bọ̀sẹ̀. Nígbà tí a lọ kí wọn, bàtà oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nínú ọkọ̀ ojú irin tó gbé wa padà, bàbá mi sọ fún mi pé: "Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ orúkọ rẹ lẹ́nu ọmọkùnrin, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi l'Abẹ́òkúta ni wàá ti parí ìwé." Kì í ṣe eré. Oṣù Keje ọdún yẹn ni àwa náà fẹ́ lọ sílé, páásípọ́ọ̀tù wa sì ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Davide ló ń gbé àjà kejì ilé wa, a jọ wà ní kíláàsì kan náà. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn, etí rẹ̀ pọ́n, ó ní: "Domani la canto per te." Ó ní lọ́la, òun máa kọ orin yẹn fún mi. Mi ò dá a lóhùn, ṣùgbọ́n mi ò sọ pé kó má kọ ọ́. Inú mi dùn títí mo fi dé ẹnu ilẹ̀kùn wa, ibẹ̀ ni mo ti rántí bàtà Bọ̀sẹ̀.

Nígbà tó máa fi di aago mẹ́wàá ní Sátidé náà, bọ́ọ̀lù ti ń ró nísàlẹ̀. Bàbá mi ń fá irùngbọ̀n. Mo jókòó ti tábìlì, mo ń já búrẹ́dì mi wẹ́wẹ́. Bọ́ọ̀lù dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn Davide gòkè wá, ó dojú kọ àjà tiwa: "Sola, mi amor." Àwọn tó kù ń pàtẹ́wọ́.

Bàbá mi jáde sí ballatoio, ọ̀dẹ̀dẹ̀ onírin tó yí àgbàlá ká, ọṣẹ funfun ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kan. Wọ́n jágbe mọ́ Davide, orin sì dá. Wọ́n wọlé, wọ́n mú páásípọ́ọ̀tù mi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé e síwájú mi.

"Ta ló ń pè?"

"È una canzone, papà. Vuol dire sola." Mo ní orin lásán ni, pé obìnrin tó dá wà ni "sola" túmọ̀ sí.

"Ta ló sọ fún ọ? Ìwọ gbọ́ Sípéènì ni? Orin wo ní Sípéènì ló máa ní orúkọ ọmọ Ẹ̀gbá nínú?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò mí lójú. "Ṣé ìwọ ló ń kọ ọ́ fún?"

Mo wo páásípọ́ọ̀tù náà. Mo ní, "No."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ," bàbá mi wí. Wọ́n ti ń wá ìwé tí nọ́ńbà tẹlifóònù ẹ̀gbọ́n wọn wà nínú rẹ̀.

Màmá mi sọ ìkòkò ata kalẹ̀. "Bàbá Ṣọlá, àgbọ́ìgbọ́tán ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bi ẹni tó gbọ́ èdè náà." Wọ́n gba orí ballatoio lọ, wọ́n sì mú Signora Luz wá, obìnrin ará Peru tó ń tọ́jú ìyá arúgbó tó wà ní yàrá kejì sí tiwa. Ọwọ́ Signora Luz ṣì tutù fún omi. Wọ́n mọ orin náà lórí. Wọ́n fi èdè Ítálì tú u fún bàbá mi ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: ọkùnrin kan ló lọ sí ọ̀nà jíjìn lọ wá iṣẹ́, ó fi olólùfẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má dá nìkan sunkún, òun ń bọ̀. "Sola vuol dire sola, signore," ni wọ́n fi parí rẹ̀. "Da noi come qui." Wọ́n ní obìnrin tó dá wà ni "sola" lọ́dọ̀ tiwọn náà, bíi ti ibí.

Màmá mi ló sọ̀rọ̀, ohùn wọn ò sì ròkè: "Ọdún mẹ́fà ni mo fi jẹ́ sola l'Abẹ́òkúta, tèmi tọmọ. Ẹ ò kọrin kankan sí mi."

Ọṣẹ ti gbẹ mọ́ bàbá mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n dá páásípọ́ọ̀tù mi padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ojú wọn pọ́n. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Davide nínú àgbàlá, àgbàlagbà ọkùnrin, wọ́n sì bẹ ọmọdé pé kó má bínú, etí àwọn ló ṣì gbọ́. Láti orí ballatoio ni mo ti ń wò wọ́n. Davide gbójú sókè wò mí, mo gbójú kúrò. Ní Oṣù Keje, àwa mẹ́ta la lọ, àwa mẹ́ta la padà.

Genova ni mò ń gbé báyìí, ní Sampierdarena, mò ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi. Mo ti bímọ, ọmọbìnrin mi sì ti pé méjìlá. Nígbà Kérésì tó kọjá, àwọn òbí mi wá kí wa, bàbá mi sì ń sọ ìtàn náà fún ọmọ mi, bí wọ́n ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọmọ sọ̀kò nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Mo wọ ilé ìdáná lọ. Màmá mi ń bó ọsàn níbẹ̀, wọn ò gbójú sókè. "Etí bàbá rẹ ò ṣì gbọ́," wọ́n ní. "Mo wà lórí àtẹ̀gùn ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, mo gbọ́ ohun tí Davide sọ."

Mo padà sí pálọ̀. Bàbá mi di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n forí jì wọ́n, pé ó ṣì ń dun àwọn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn, ẹ̀rù ló bà á tó fi purọ́. Èmi ti lé ní ogójì ọdún, kò sì sẹ́ni tó lè dá mi padà síbì kankan mọ́. Síbẹ̀, mo ní, "Ó ti tán, Bàbá mi. Ẹni tí ò mọ̀ ò mọ̀ ni."